Ráǹpù, lífítì, àbí ẹnu ọ̀nà mìíràn: èwo ló yẹ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yín?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn baba wa kọ́ nílẹ̀ Yorùbá ló ní àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ ga kí àgbàrá òjò má baà wọlé, kí ilé Ọlọ́run sì hàn láti òkèèrè. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1846, tàbí nígbà tí tọkọtaya míṣọ́nnárì, David àti Anna Hinderer, wá ń gbé n'Ìbàdàn ní 1853, ẹni tó bá lè rìn ni wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn fún. Lónìí, àwọn tó ti wà nínú kọ́áyà láti ìgbà èwe wọn ti di àgbà tí orúnkún ń dùn. Akanda ẹ̀dá tó ń fẹ́ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa wà láàárín wa. Abiyamọ tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wà. Àwọn tó ń ti pósí lórí irin onítáyà náà máa ń dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn kan náà, kí wọ́n tó gbé òkú lé èjìká.

Bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Èló ni wọ́n ń ṣe ráǹpù?”, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gbà gòkè láìsí àtẹ̀gùn. Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wa máa jọ gbà wọlé. Bí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà àti ọmọdé tó ń sáré bá lè gba ojú kan náà wọlé lásìkò kan náà, láìbẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ yín ti yọrí. Bí ẹnìkan bá wà tó ní láti gba ẹ̀yìn ilé ìdáná wọ ilé Baba rẹ̀, owó yòówù tí ẹ ná, iṣẹ́ ṣì kù.

Mo kọ èyí fún ìjọ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tí wọn ò fẹ́ kí ẹwà rẹ̀ bàjẹ́, tí wọn ò sì fẹ́ kí àgbà kankan jókòó sílé nítorí àtẹ̀gùn. Ẹ lè rí méjèèjì ṣe pọ̀.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Gíga ló ṣáájú. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá sọ iye owó, ẹ wọn bí ojú ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ga ju ilẹ̀ ìta lọ tó. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ wá rọ́bà gígùn tí a lè rí omi inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, ẹ rọ omi sí i títí afẹ́fẹ́ ò fi ní kù nínú rẹ̀. Kí ẹnìkan di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíràn mú orí kejì lọ síbi tí ẹ fẹ́ kí ráǹpù ti bẹ̀rẹ̀. Ojú kan náà ni omi máa dúró sí ní orí méjèèjì. Ẹ wọn láti ojú omi dé ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹ wọn láti ojú omi dé ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀. Ohun tó kù ni gíga tí ẹ ní láti gùn, òun ló sì máa pinnu ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ìṣirò tó tẹ̀ lé e kò le. Ráǹpù tó dagun jù tí a ṣì lè gbà ni 1 sí 12: bí ẹ bá fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan gòkè, ráǹpù yín ní láti gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ ráǹpù mítà 1.8. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 45, ń fẹ́ mítà 5.4. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ń fẹ́ mítà 10.8, a ò sì tíì ka ibi ìsinmi mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba 1 sí 12, àmọ́ kí ráǹpù tó ga kọjá sẹ̀ǹtímítà 76, ó gbọ́dọ̀ ní ibi pẹrẹsẹ tó gùn ní mítà 1.5 tí èèyàn ti lè sinmi. Àwọn ará Bìrìtìkó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ráǹpù tí kò gùn ju mítà 2 lọ ni wọ́n gba 1 sí 12 fún, èyí tó bá gùn tó mítà 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 sí 20. Tiwọn ni mo gbà ní àmọ̀ràn fún ìjọ tó láyè. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àga rẹ̀ nínú oòrùn aago mẹ́wàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 12 àti 20.

Lẹ́yìn gíga, ẹ wo iyì: ṣé ẹni náà máa dá wọlé fúnra rẹ̀, ṣé ojú kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù ló máa gbà? Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí ògiri àti ìpìlẹ̀, àti bóyá ẹ lè tú u kúrò lọ́la láìfi àpá sílẹ̀. Ẹ wo owó ìtọ́jú, nítorí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ máa ń tán lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, ṣùgbọ́n ti ìtọ́jú kì í tán.

Ẹ wo àṣẹ pẹ̀lú. Nínú ìjọ Áńgílíkà, ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilé ìsìn láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Òfin ìjọba náà sì ti yí padà. Òfin tó ka yíya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní January 2019, fún àwọn ilé gbogboogbò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní January 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Mo mọ̀ pé àwọn alàgbà kan máa ń wo òfin bí ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ìránnilétí ohun tó ti yẹ ká ṣe.

Títẹ́ ilẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, bí gíga kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 lọ, tí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ̀. Ẹ ò kọ́ ráǹpù kankan. Ilẹ̀ iwájú ilé lẹ gbé sókè díẹ̀díẹ̀ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà ńlá, tí àtẹ̀gùn á fi pòórá sínú rẹ̀. Gíga sẹ̀ǹtímítà 30 ń fẹ́ ọ̀nà mítà 6 ní 1 sí 20. Bí ẹ bá ní mítà 10, ó máa rọrùn débi pé ẹsẹ̀ ò ní mọ̀ pé òun ń gòkè. Kò sí irin ìdìmú, kò sí àmì kankan tó ń sọ pé “ibí ni tàwọn aláìlera.” Ìyàwó máa gba ibẹ̀ wọlé, pósí máa gba ibẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù àti kọ́áyà máa tò gba ibẹ̀. Ojú ilé kò yí padà.

Owó rẹ̀ kò pọ̀: ilẹ̀ pupa, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, àti íńtálọ́ọ̀kù tàbí òkúta pẹlẹbẹ lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣì í ni títẹ ilẹ̀. Bí wọ́n bá da ilẹ̀ pupa lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì to íńtálọ́ọ̀kù lé e, òjò ọdún kan ti tó láti mú kó jìn níhìn-ín, kó wú lọ́hùn-ún, táyà kékeré iwájú àga á sì há sínú àlàfo. Ìpele ìpele ni kí wọ́n dà á, kí wọ́n tẹ ìkọ̀ọ̀kan kó le kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Ewu rẹ̀ gan-an wà lára ògiri. Ilé tí wọ́n fi amọ̀ tàbí bíríkì àtijọ́ kọ́ ń mí. Bí ẹ bá kó ilẹ̀ tì í lára, omi á máa fà wọnú rẹ̀, kùn á máa ṣí, ìsàlẹ̀ ògiri á máa jẹrà láti inú wá. Ẹ fi gọ́tà tóóró sáàárín ilẹ̀ tuntun àti ògiri, ẹ fi irin oníhò bò ó níbi tí èèyàn ń gbà kọjá. Kí ihò irin náà dábùú ọ̀nà, kí táyà má baà kó sí i. Bí ibojì bá wà nítòsí, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ ló ní ti àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn baba ìjọ, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò gbọ́dọ̀ sí katakata ńlá níbẹ̀.

Ráǹpù kọnkéré tàbí òkúta

Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá ní àtẹ̀gùn márùn-ún, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 75, ráǹpù yín ní 1 sí 12 máa gùn ní mítà 9. Bí ẹ bá ṣe é ní mítà 1.2 ní fífẹ̀, ohun tó máa wọ inú rẹ̀ ju kúbíkì mítà 4 lọ, yálà ilẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ̀ ni àbí kọnkéré. Ìwúwo ńlá nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e lé ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ tàbí tí ẹ so ó mọ́ ọn, méjèèjì kò ní rì bákan náà, ògiri á sì là. Nítorí náà, kí ráǹpù ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má fara kan ilé, kí àlàfo tí ọwọ́ ìgbálẹ̀ lè wọ̀ wà láàárín wọn. Ibi tó ti kan ẹnu ọ̀nà nìkan ni kí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo táìsì tó ń dán. Mo mọ̀ pé ìjọ fẹ́ kó lẹ́wà, pé ẹni tó fi owó sílẹ̀ fún un ní ìrántí òbí rẹ̀ fẹ́ kó tàn. Ṣùgbọ́n ráǹpù olómi tó ní táìsì dídán léwu ju àtẹ̀gùn lọ. Ọ̀pá àgbà á yọ̀, bàtà gíga á yọ̀, ẹni tó ń ti àga á fi orúnkún balẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì líle fà ní ìbú kó tó gbẹ ló dára jù, tàbí òkúta tí ojú rẹ̀ rí háráhárá. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní etí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí táyà má baà bọ́ sílẹ̀. Kí irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún àti lósì ní gíga sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100, kó yí roboto débi tí ọwọ́ lè gbá a mú, kó sì nà kọjá òkè àti ìsàlẹ̀ ráǹpù díẹ̀.

Báwo ni kò ṣe ní ba ilé jẹ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ilé náà dáadáa. Ẹ mú Kàtídírà Christ ní Marina l'Ékòó, tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀, tí Ọmọ Ọba Wales fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọ́n sì parí ní 1946. Irú ilé Gótíìkì bẹ́ẹ̀ ní ètò tirẹ̀: òpó, fèrèsé, òpó, fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ń darí ojú lọ sókè. Ráǹpù tó bá gba iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá, tó ní irin ìdìmú tó ń kọ mànà, máa gé ojú ilé sí méjì. Èyí tó bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí ìlà òkè rẹ̀ bá ìlà ìsàlẹ̀ fèrèsé tàbí ti ìpìlẹ̀ mu, tí wọ́n fi irú òkúta tàbí bíríkì kan náà bò, tí irin rẹ̀ jẹ́ dúdú lásán láìní òdòdó, ojú á gbà á mọ́ ilé. Ẹ ò sì ní láti díbọ́n pé ó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn míṣọ́nnárì. Iṣẹ́ tuntun tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sàn ju ayédèrú iṣẹ́ àtijọ́ lọ.

Níbi tí wọ́n bá ní láti tún ògiri àtijọ́ rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ bá bíríkìlà sọ ọ́ kí ó tó po sìmẹ́ǹtì. Ògiri tí wọ́n fi láìmù, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń lò kí sìmẹ́ǹtì tó dé, mọ kì í bá sìmẹ́ǹtì líle rẹ́. Sìmẹ́ǹtì á sé omi mọ́ inú, bíríkì rírọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa rún. Láìmù ni kí wọ́n fi tún ti láìmù ṣe.

Ní ti owó, ó wà láàárín. Ní ti ìfọkàntán, kò sí ohun tó jù ú lọ: kò mọ NEPA, kò mọ jẹnẹrétọ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé títú rẹ̀ le, ẹ ò sì lè fi ṣe ìdánwò.

Ráǹpù irin tàbí igi tó dá dúró

Èyí ń gbé lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kò fara kan ilé, ẹ sì lè tú u lọ́jọ́ tí ẹ bá ní owó ohun tó dára jù. Fún ilé tó gbẹgẹ́, tí ẹ ò tíì mọ bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, tàbí ibi tí ibojì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ gbẹ́, òun ni mo máa yàn. Afẹ́fẹ́ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, òjò ń kọjá, ògiri kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe é. Ẹ ní kó lo irin tí wọ́n ti fi síńkì bò (galvanized), pàápàá l'Ékòó àti Bàdágìrì níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń jẹ irin. Kùn lásán kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ igi, ìrókò tó gbẹ dáadáa lè bá ikán jà, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má wọ ilẹ̀. Ẹ gbé e lé kọnkéré kékeré. Kí pákó orí rẹ̀ dábùú, kí àlàfo àárín wọn má tóbi débi tí orí ọ̀pá á fi rì sí i. Igi olómi ń yọ̀, ẹ kan ohun tó háráhárá mọ́ ọn.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè kéré ju ti kọnkéré lọ, àmọ́ ó ń fẹ́ ojú lára rẹ̀ lọ́dọọdún: nọ́ọ̀tì tó tú, kùn tó ṣí, pákó tó là. Ìjọ tí kò ní ẹni tó ń bójú tó ilé kó má mú un.

Ráǹpù àgbékalẹ̀

Èyí ni pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tí wọ́n ń ká bí àpótí, tí wọ́n ń gbé wá bí ẹnìkan bá dé. Owó rẹ̀ ló kéré jù. Ó dára fún àtẹ̀gùn kan tàbí méjì, àti fún ilé tí ẹ yá lò.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí. Màmá dé láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn, ọmọ rẹ̀ tú àga kalẹ̀ nínú ọgbà. Ráǹpù wà nínú yàrá ìwẹ̀wù, ọwọ́ ẹni tó ti lọ ń kó àwọn ọmọdé jọ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìlù ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ń kọjá lọ sókè. Níkẹyìn, àwọn ọkùnrin mẹ́rin nínú àwọn olùtọ́jú èrò di igun àga mú, wọ́n gbé màmá sókè, gèlè rẹ̀ yẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú, ó fi ọwọ́ kejì di apá ẹnìkan mú. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní “Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà.” Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé wọlé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ jáde lọ tọ̀ kí ìwàásù tó parí, wọ́n máa tún gbé òun. Nítorí náà, á pa á mọ́ra, tàbí kó má wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ òun ni agbára yín ká, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí aago ìsìn tó lù, kó sì wà níbẹ̀ títí gbogbo èèyàn á fi lọ. Ẹ má dúró kí ẹnìkan tó bèèrè. Kí ẹ sì gbà pé ohun tí ẹ fi ń dúró de òmíràn ni.

Lífítì

Níbi tí gíga bá ju mítà kan lọ tí àyè kò sì sí, bíi ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ráǹpù kò ní gba ibẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó ń gbé pẹpẹ kan sókè sódò máa ń wọ ọ̀rọ̀. Ó ń gba àga onítáyà kan àti ẹni tó ń tì í. Irú kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń lò sí àwọn ilé àtijọ́ ní Bìrìtìkó, tí àtẹ̀gùn òkúta fúnra rẹ̀ ń fà sẹ́yìn tí pẹpẹ á sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti lò ó tán, àtẹ̀gùn á padà síbi tó wà. Ojú ilé kò yí padà rárá. Owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Èmi kì í gbani níyànjú pé kí ìjọ nílé fi lífítì nìkan ṣe ọ̀nà. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ iná, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kì í sábà wà nítòsí, ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti òkè òkun wá. Bí ó bá kọṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ rà á pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, ẹ so ó mọ́ ínfátà, ẹ fi òrùlé bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò, kí ẹ sì kọ owó ìtọ́jú rẹ̀ sínú ìṣirò ọdọọdún kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ kọ́ ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Yíyí ẹnu ọ̀nà padà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í rò nìyí: bóyá ẹnu ọ̀nà iwájú kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá mọ́. Nítorí bí ilẹ̀ ṣe dagun, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè l'Ábẹ́òkúta àti n'Ìbàdàn ga níwájú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn lójú, tí ẹ ṣe ìloro sí i, tí ẹ gbé tábìlì ìwé orin àti àwọn olùkíni-káàbọ̀ lọ síbẹ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìjọ máa gba ibẹ̀ wọlé, iwájú ilé á wà bó ṣe wà, owó kékeré lẹ sì ná.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Kàtídírà St Paul's ní London nìyẹn. Ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1675, tí àtẹ̀gùn ńlá iwájú rẹ̀ gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Wọn ò fọwọ́ kan àtẹ̀gùn yẹn. Apá àríwá ni wọ́n ṣe ráǹpù tó máa wà títí sí. Láti 2022, gbogbo ènìyàn lè gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé láìgun àtẹ̀gùn, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí ilé náà ti dúró. Ohun tó mú mi yìn wọ́n ni pé wọ́n fún ẹnu ọ̀nà náà ní iyì tó tó ti ilé náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má ṣe é ní ìdajì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́bàá rẹ̀, tí wọ́n to àga ìnáwó sí, tí àwọn aláìlera nìkan sì ń gbà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ńlá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ tan iná síbẹ̀, kí Bíṣọ́ọ̀bù àti kọ́áyà tò gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ ìyàsímímọ́.

Bí ẹ bá ti wọlé tán

Ọ̀rọ̀ kò parí lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyẹ́ kan nínú ilẹ̀kùn oníyẹ̀ẹ́ méjì kò bá tó, kí àwọn olùtọ́jú èrò ṣí méjèèjì. Igi tó dábùú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àtijọ́, kí káfíńtà gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ gé ìjókòó gígùn kan kúrú láàárín ìjọ, kì í ṣe lẹ́yìn pátápátá, kí ẹni tó ní àga onítáyà lè jókòó ti ìdílé rẹ̀. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tí àga lè wọ̀. Bí ibi gbígba oúnjẹ alẹ́ bá ní àtẹ̀gùn, kí àlùfáà sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ta ni kó mú èwo?

Ìjọ ìgbèríko tó ní àyè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ẹ tẹ́ ilẹ̀. Kò sí ìdí láti wá ohun mìíràn.

Bí àtẹ̀gùn bá tó mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ilé náà lágbára, tí ẹ sì ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn tó mítà 15: ráǹpù òkúta tàbí kọnkéré, pẹ̀lú ayàwòrán ilé tó ti ṣiṣẹ́ lára ilé àtijọ́ rí. Owó tí ẹ bá ná lórí àwòrán kì í ṣòfò.

Bí ògiri bá jẹ́ amọ̀, tàbí tó ti ń là, tàbí tí ìgbìmọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan: ráǹpù irin tó dá dúró. Ẹ lò ó fún ọdún mélòó kan, ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn, kí ẹ tó pinnu ohun tó máa wà títí.

Ṣọ́ọ̀ṣì àárín ìlú tí títì ti gba iwájú rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wá ẹnu ọ̀nà mìíràn yíká gbogbo ilé. Bí kò bá sí lóòótọ́, tí ìjọ sì lágbára owó ìtọ́jú, ẹ ra lífítì, kí ẹ sì fi ráǹpù àgbékalẹ̀ ṣe adípò bó bá bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará wa ní London tí ẹ ń sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé àjogúnbá: òfin Equality Act 2010 béèrè pé kí ẹ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilé láìgba àṣẹ. Bí ilé náà bá jẹ́ ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gba ọ̀dọ̀ dáyósíìsì lọ, kí ẹ sì tètè lọ, kí wọ́n lè bá yín dá sí àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yá ilé lò ni, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. Ráǹpù àgbékalẹ̀ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lè gbé yín dé ìgbà náà.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ pe àwọn tó ń lo àga onítáyà, àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn àti àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu nínú ìjọ wá. Ẹ fi ẹfun ya ìlà ráǹpù náà sílẹ̀ ní gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn ín, kí wọ́n yí àga padà níbi ìsinmi, kí wọ́n sọ ibi tó ti há. Ẹ tún ìlà náà yà gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ, kí bíríkìlà tó gbẹ́lẹ̀.